Fìlà Pupa

Agogo méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ò tíì mọ́.
Oṣù Kejìlá kì í kánjú jí lápá ibí,
lójú ọ̀nà oko tó já sí Dauphin, ní Manitoba,
níbi tí ojú ọ̀run ti fẹ̀ ju ohun tí èèyàn ní í sọ lọ.
Ọkọ̀ mi ru àlìkámà, èmi ru kọfí àti àárẹ̀.
Iná àwọ̀ ọsàn ń ṣẹ́jú lọ́ọ̀ọ́kán.
Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń bọ̀ wá pàdé mi, nọ́ńbà kẹrìnlá.

Orysia ló ń wà á.
Ọdún kejìlélógún rẹ̀ rèé lórí àga yẹn:
ó mọ ọmọ tí kì í jẹun àárọ̀,
ó mọ èyí tí bàbá rẹ̀ ti kó jáde nílé.
Iná di pupa. Apá irin nà jáde
bí apá ìyá tó dá ọmọ dúró létí kànga.
Àtẹni ẹ̀yìn àtẹni ìpàdé, òfin ní kí gbogbo wa dúró.
Mo tẹ bíréèkì. Mo dúró lókèèrè.

Ẹ má yìn mí.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mò ń sáré
kí wọ́n má baà ti ìlẹ̀kùn àká mọ́ mi.
Mo rí iná pupa. Mo ní, ọ̀nà gbòòrò, ẹsẹ̀ mi yá.
Mo kọjá.
Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
Ohun tí mo sọ fún adájọ́ nìyẹn: kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.
Mo san owó ìtanràn, mo lọ sílé.
Ṣùgbọ́n mo ti rí i nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mi,
fìlà onírun pupa kan, àfọwọ́hun,
tí atẹ́gùn ọkọ̀ mi ṣí lórí ọmọ tí kò ga tó táyà mi.
Ó fò, ó yí, ó balẹ̀ sórí yìnyín.
Adájọ́ ò bi mí nípa fìlà.
Fìlà ló ń bi mí.

Lónìí, Danylo, ọmọ àwọn Hrynkiw, ló ń sọdá.
Ó dé àárín ọ̀nà, ó dúró,
ó yọ ahọ́n, ó ń fi gba yìnyín.
Ọkọ̀ kékeré kan dé sẹ́yìn mi, ó fọn fèrè.
Ó tún fọn ọ́n, ó gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀.
Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn mi àtijọ́ ni,
ti ẹni tó ń lé ìṣẹ́jú kan,
tó fẹ́ fi ọjọ́ ayé ọmọ ọlọ́mọ san án.
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Ọmọ ńkọ́?
Òun náà, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó jọ.

Mo pa ẹ́ńjìnì.

Danylo pa ẹnu dé. Ó gbé báàgì rẹ̀ gun èjìká,
ó rìn, kò sáré,
ó gun àtẹ̀gùn méjì wọlé, apá irin sì ká padà.
Orysia gbé ìka kan sókè sí mi, ẹyọ kan péré.
Èmi náà gbé ẹyọ kan.
Mo tún ṣíná sí ọkọ̀. Ó kọ̀ díẹ̀, nítorí òtútù.
Ẹni ẹ̀yìn tún fọn fèrè.