Ta Ni Kó Rí I?

Ní Kutaisi, létí odò Rioni,
àjà yàrá já lóru ọjọ́ Ẹtì.
Òjò ọjọ́ mẹ́ta ló ṣí páànù òkè rẹ̀ lọ.
Gbogbo rẹ̀ wó sórí bẹ́ẹ̀dì Tsiala,
bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí láti ọdún méje.

Teona ya fọ́tò ihò náà.
Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Ẹni tó bá mọ káfíńtà
tí owó rẹ̀ ò ga jù, ẹ jọ̀ọ́.
Ó kù díẹ̀ kó fi síta, fóònù bi í pé
ta ni kó rí i?

Ìbéèrè ńlá lẹ́nu ohun tí ò lẹ́nu.
Gbogbo ayé? Ọ̀rẹ́ nìkan?
Tàbí gbogbo ọ̀rẹ́, àyàfi…
Ó tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
Àmì pupa kan jókòó ti orúkọ náà
bí ọlọ́pàá ẹnubodè.

Kì í ṣe ìkórìíra.
Tsiala wà ní Bari, nílẹ̀ Ítálì,
ó ń wẹ bàbá arúgbó kan,
ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́.
Tó bá rí ihò yìí, á yáwó.
Tó bá yáwó, á tún fi ọdún kan kún un.
Wọ́n ní bójú bá rí, kẹ́nu dákẹ́.
Ẹnu Tsiala lè dákẹ́ o,
ọwọ́ rẹ̀ ni kì í dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ́ ìyá àgbà ṣe pamọ́,
àti lẹ́tà yunifásítì tó ní kò yege,
àti irun tó gé kanlẹ̀ lóṣù kẹta,
ìyẹn ò tiẹ̀ burú, ó kàn fi pamọ́ ni.
Ohun tó ṣẹ́ kù fún ìyá
ni èso àjàrà, ológbò, kéèkì,
àti yìnyín, bó bá bọ́ dáadáa.

Lọ́sàn-án, Lamara ilé kejì gbé tapólì wá.
Ó gun àkàbà, ó ń kan ìṣó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ:
“Ọwọ́ ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń jinná?”

“Ọwọ́ wo?”

Lamara sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ fóònù lápò.
Tsiala rèé lórí bẹ́ńṣì ọsibítù,
apá ọ̀tún nínú sìmẹ́ńtì, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.
Nínú fóònù ti Teona, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà
jẹ́ òkun, ọsàn, òkun,
búrẹ́dì kan tí wọ́n fi tòmátì sí lórí.

Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?
Teona rántí alẹ́ kan, nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin
ń yọjú sí gbogbo nǹkan:
“Tẹ ibí, Deda. Rárá, ibí.
Yan ẹni tí o ò fẹ́ kó rí i.”
Deda, bí wọ́n ti ń pe ìyá lọ́hùn-ún.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún un ṣe kó tó mọ̀ ọ́n.

Ó pè é. Kámẹ́rà ṣí, kò sí ojú,
àjà Bari nìkan ló hàn,
ó funfun, kò ní ojú sísán kan.
Ohùn ìyá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀: “Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni?”

Teona gbé fóònù tirẹ̀ sókè, sábẹ́ tapólì tó ń kán tó.
“Deda,” ó ní, “yí i wálẹ̀ díẹ̀.”