Mo Lóòṣó Níbojì Akínlúyì

Géètì onírin aláwọ̀ ewé, ó ti dípẹtà nídìí.
Mo kànkùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí Bàbá Olùṣọ́ tó yọjú
pẹ̀lú pákò lẹ́nu.
Ó ní, "Ibojì Aṣíwájú lẹ wá wò?"
Mo ní, "Òun ni mo wá bá."
Kò gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì.

Òjò àná ṣì ń kán lórí páànù Òkèèṣà,
kùrukùru ṣì fi òkè Ìmọ̀ ṣe orí ìbusùn.
Òbúkọ kan sùn lórí mábù dúdú náà,
ó fi ìgbáròkó bo "Bàbá Orílẹ̀-èdè" mọ́lẹ̀.
Bàbá Olùṣọ́ bọ́ bàtà kan, ó sọ ọ́ lù ú,
òbúkọ gbọnra, ó lọ ń wò wá lábẹ́ igi máńgòrò
bí olóyè tí wọ́n gba àga lọ́wọ́ rẹ̀.

Òdòdó oníke. Rìbọ́n ìjọba, ó ti ṣá.
Iná mẹ́rin ni wọ́n rì síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú;
òpó ló kù.

Mo tú etí ìró mi. Bébà náà wà níbẹ̀,
ó rí bí ewé kòkó tó ti já, ó ti ya níbi ìṣẹ́po:
*Mo gba ọgọ́fà ìgàn aṣọ
lọ́wọ́ Ọ̀ṣúnlétí, òṣómàáló, ará Ìsọ̀kùn,
fún ẹgbẹ́ wa. Bí a bá wọlé, màá san án.*
Ó bu ọwọ́ lù ú. Ìkọ̀wé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dára.
Wọ́n wọlé.

Bàbá mi tó lóòṣó sẹ́nu ọ̀nà onílé ní Kàbà, ní Ọ̀fà,
tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ opó,
tó gba ewúrẹ́ ìdána lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó,
kò lè lóòṣó síwájú Akínlúyì.
Ó ní ẹni a dìbò fún, a kì í bi í léèrè owó.
Ìtìjú ni àbí ọlá, mi ò mọ̀ dòní.
Nígbà tó kú, Akínlúyì kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn.
Kò fi kọ́bọ̀ sí i.

Mo ká ìró dé orúnkún, mo lóòṣó,
èmi ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
orúnkún mi dún bí igi ìdáná.
Bàbá Olùṣọ́ figbe ta:
"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ̀ síbí o!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́.
Ó wo ilé ńlá ẹ̀yìn wa, àwọn fèrèsé tí wọ́n tì pa,
ó ní, "Oṣù mẹ́sàn-án rèé táwọn ọmọ rẹ̀ ti sanwó mi gbẹ̀yìn."
Ó lóòṣó, bàtà kan lẹ́sẹ̀.

A wà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.
Àwọn ọmọ iléèwé ya wọlé, bí ogójì,
tíṣà ń nawọ́: "Òun ló kọ́ iléèwé yín."
Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ
ń fi ìka tọ lẹ́tà wúrà: "A... kín... lú... yì."

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe, níléèwé kan náà,
kí wọ́n tó kan òrùlé rẹ̀, sílétì lórí itan.
Ohun àkọ́kọ́ tí mo dá kà nílé
ni bébà yìí, nínú àpótí bàbá mi.
Bí kì í bá ṣe iléèwé yẹn, mà bá ti fi wé àkàrà.

Ta ló wá jẹ ta?
Mi ò ní mo dárí jì í.
Ọgọ́fà ìgàn, ọgọ́fà ìgàn ni;
oko kòkó wa ló bá a lọ.

Bàbá Olùṣọ́ fà mí dìde.
Mo yá a ní ẹgbẹ̀rún méjì, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.
Nínú ìwé àlejò, níbi tí a ń kọ ìdí àbẹ̀wò sí,
àwọn tó ṣáájú mi kọ "ìbọ̀wọ̀", "ìrántí", "àdúrà".
Mo kọ "owó".

Òbúkọ ti pa dà sórí mábù kí n tó dé géètì.