Ẹ̀wù Ẹnu Ọ̀nà

Ọdún tí mo di ọ̀gá nílé-iṣẹ́ ahunṣọ ní Covilhã,
lábẹ́ òkè tí yìnyín máa ń dé ní fìlà,
mo bá ẹ̀wù òtútù kan lẹ́nu ọ̀nà,
ó rọ̀ dirodiro lára ìṣó,
àwọ̀ eérú, bọ́tìnì méjì ti já.
Mo ní, kí lèyí ń ṣe níbi tí èèyàn ń gbà wọlé?
Mo ká a, mo jù ú sí àjà.
Mo fi aago ńlá rọ́pò rẹ̀,
aago tó ń ka ìṣẹ́jú bí ahun tó ń ka owó.

Nígbà tó di oṣù kejì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó àjórẹ̀yìn.
Kì í ṣe pé wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ o.
Wọ́n ń dé lásìkò. Wọ́n ń lọ lásìkò.
Ọwọ́ ń ṣe é, ọkàn ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.
Aṣọ tó yẹ kó máa dán
ń jáde pẹ̀lú kókó, bí ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa.

Mo fowó kún owó.
Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, kò sẹ́ni tó kọ̀:
owó ilé kì í tijú àtikanlẹ̀kùn,
ọmọ Fausta sì ń lọ sí yunifásítì.
Aṣọ tún jáde. Kókó wà níbẹ̀.
Mo ní kí á máa gbé àwòrán òṣìṣẹ́ tó pegedé kọ́ ògiri;
Celestino ni mo kọ́kọ́ gbé kọ́,
ó wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀,
àwọn ẹgbẹ́ òun ò bá òun jẹun mọ́.
Mo pín ìwé ìbéèrè: Kí ló ń mú orí rẹ yá?
Ìwé mẹ́tàlélógójì lọ, mẹ́tàlélógójì padà,
òfìfo,
àfi ẹyọ kan tí wọ́n kọ "Ẹ̀wù" sí.

Deolinda ni mo lọ bá,
àgbà obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ tún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe,
tó ń fi ìka wọ́ ojú aṣọ kọjá
bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ.
Mo ní, ìyá, ẹ̀wù wo?
Kò gbójú sókè. Ó fi eyín já òwú.

"Ogún ọdún ni mo fi tún aṣọ ṣe
láì rí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́.
Ọkọ̀ a dé, ọkọ̀ a kó o lọ,
bí ẹni ń da omi sódò.
Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan wọlé láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
ẹ̀ṣọ́ ààlà ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì.
Ó ní ẹ̀wù yìí ló bo òun
lóru tí yìnyín sé òun mọ́ orí òkè.
Ó na apá. Ó ní, ta ló ṣe é?
A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó bi wá bẹ́ẹ̀ rí.
Adozinda tó ń fọ irun àgùntàn nawọ́.
Àwọn tó rẹ ẹ́ láró nawọ́.
Èmi náà nawọ́, mo rí ojú abẹ́rẹ́ mi lábẹ́ kọ́là.
Ó bọ́ ọ, ó fi kọ́ síbẹ̀,
ó wọ inú òtútù lọ."

Ó dákẹ́. Ó ki òwú mìíràn bọ abẹ́rẹ́.
"Owó dára o, ọ̀gá. Ẹ má yọ ọ́."

Mo gun àjà. Kòkòrò ti dá ihò sí apá òsì.
Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mo fi ẹ̀wù náà kọ́ sórí ìṣó rẹ̀.
Wọ́n wọlé, wọn ò sọ nǹkan kan,
ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá ni wọ́n ń fọwọ́ kan án,
bí ẹni tó ń kí ará ilé tó ti ìrìn àjò dé.
Kó tó di ọ̀sán, ẹnìkan ti di ihò náà;
mo wá ojú rẹ̀ títí, n ò rí i.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán lálẹ́,
èmi náà dúró tì í.
Mo yẹ kọ́là wò, mo yẹ àpò, mo yẹ etí rẹ̀,
mò ń wá ibi tí ọwọ́ tèmi wà.