Ìwé Ìkàyanrìn

Èmi ni káńsù fi sídìí yanrìn.
Wọ́n fún mi ní ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú, bírò méjì,
àga rọ́bà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yarọ,
wọ́n ní: Jókòó sẹ́nu ọ̀gbun ẹ̀yìn Arówómọlé.
Típà tó bá ti dà á, fa ìlà kan.

Ọ̀gbun náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ní jòjòló
á ní ipasẹ̀ ewúrẹ́ ni.
Òjò ọdún mẹ́ta ló tọ́ ọ dàgbà.
Ó jẹ oko ẹ̀gẹ́ olùkọ́ àgbà,
ó jẹ ilé ìdáná Ìyá Oyèdòyin, tààrò-tààrò,
ó wá ń wo kíláàsì àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀
bí ajá ti ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun.

Alága kọ̀wé sí ìpínlẹ̀.
Ìpínlẹ̀ ní ó dáa, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta.
Alága kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta.
Òjò kò mọ̀wé. Òjò ń rọ̀.

Ni èmi àti Ẹnjiníà Oyèlámì bá gba Odò Ọba lọ,
a bá àwọn oníyanrìn lábẹ́ igi emi.
Làísì, olórí wọn, kò dìde,
omi ṣì ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀.
"Gbèsè yanrìn gọ́tà èṣí ńkọ́?"
Ẹnjiníà ń wo bàtà ara rẹ̀.
A ná an títí oòrùn fi yẹ̀ lórí:
ogójì típà, ìlàjì owó lójú ẹsẹ̀,
ìlàjì tó kù, bí Ọlọ́run bá fẹ́.
Làísì ní Ọlọ́run kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù,
kí a kọ orúkọ ẹni tó máa sanwó.
Mo kọ tèmi.
N kò mọ ìdí tí mo fi kọ tèmi.

Gàfárì ló wa típà kìíní dé,
ó ń fọn fèrè bí ẹni tó ń gbé ìyàwó bọ̀.
Yanrìn funfun, tútù, ó ń kán tó-tó-tó lójú ọ̀nà.
Àwọn ọmọ sáré jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́.
Ọ̀gbun gbé e mì, kò tilẹ̀ gbin.
Mo fa ìlà kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, nínú típà ìkẹtàdínlógún,
ohun kan yí bọ́ sẹ́sẹ̀ mi:
àfọ́kù ìkòkò, ìlà mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀,
irú èyí tí ìyá ìyá mi máa ń fi ìka fà
kó tó sun ún.
Mo ní, "Gàfárì, ibo lẹ ti ń wà á báyìí?"
Ó ní ibi àkọ́kọ́ ti tán,
àwọn ti ṣí sókè odò, ẹ̀yìn Abà Oyèwùsì.
"Bèbè ibẹ̀ rọ̀, ọ̀gá. Bí ẹni ń gé ẹ̀kọ."

Abà Oyèwùsì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ lúwẹ̀ẹ́.

Nírọ̀lẹ́ mo gun ọ̀kadà débẹ̀.
Igi ìyeyè tí a máa ń sá aṣọ sí
ti na gbòǹgbò sínú afẹ́fẹ́,
bí arúgbó tó ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ ibùsùn.
Wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó,
onílé ni kò ní gbà.
Onílé wo? Ti Arówómọlé,
àbí ti òkè odò?

Ilẹ̀ mọ́, mo padà sórí àga mi.
Ògiri kíláàsì ti ní ìlà tuntun, ìka mi wọ̀ ọ́.
Gàfárì fọn fèrè.
Mo fa ìlà sójú ewé ọ̀tún: ohun tó wọlé.
Mo fa irú rẹ̀ sójú ewé òsì.

Alága rí i. Ó ní kí ni ti ewé òsì?
Mo ní gbèsè ni.
Ó ní ta la jẹ?
Mo gbé àfọ́kù ìkòkò náà lé tábìlì rẹ̀.
Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn,
ó fi tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ mọ́lẹ̀,
nítorí fáànù.