Ìwọ̀n Eku

Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní kọ́mú,
ó ní ohun tí ó fẹ́ kọ́.
Èmi ńkọ́? Kí ni mo ní tó já wálẹ̀
tí n ó fi wá ìkọ́ fún un?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wọ ti ẹlòmíràn:
ti ẹ̀gbọ́n mi Ìdòwú,
tó wà lára mi bí igbá tí ẹ̀kọ inú rẹ̀ ti tán;
ti ọjà, tí fóòmù rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí àlejò,
tí okùn rẹ̀ ń yọ́ kúrò léjìká
bí ọmọ tó ń sá fún ilé-ìwé.
Mo ń fà á sókè lójú ọ̀nà,
mo ń fà á sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì,
ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà débi pé
mo ń fà á lójú oorun.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ gún àwọn ọmọ Gbẹ̀rẹ̀fù lábẹ́rẹ́,
kúlà oògùn wà lórí itan mi,
inú ọ̀sà kò dùn.
Ìgbì kan dìde, ó fọ́ sí mi láyà.
Aṣọ nọ́ọ̀sì mi gbẹ kí a tó gúnlẹ̀;
fóòmù kò gbẹ.
Ó ti mu omi ọ̀sà bí ẹni tó ń ṣínu ààwẹ̀,
ó wá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀
níwájú baálẹ̀, níwájú àwọn abiyamọ,
tó, tó, tó, sórí ìwé àkọsílẹ̀.
Ibẹ̀ náà ni wáyà ti já lábẹ́ abíyá mi.
Mo gbé abẹ́rẹ́ sókè, wáyà gún mi;
mo gún ọmọ, ọmọ ké;
ìyá rẹ̀ wò mí, ó ní,
"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ń sunkún?"
Mo ní àánú ọmọ ló ṣe mí.

Irọ́ ni. Ẹ má sọ.

Lọ́jọ́ ọjà Àgbálátá tó tẹ̀ lé e,
mo tú bẹ́ẹ̀lì Kútọnu láti àárọ̀ kùtù.
Pupa, dúdú, èyí tó ní léèsì bí àwọ̀n ẹja,
èyí tí ojú rẹ̀ kan lè gba kóńgò gààrí kan.
Ọmọkùnrin tó ń tà á wò mí, ó wo ọjà rẹ̀,
ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ wo ti àwọn ọmọdé lọ́hùn-ún."
Ti ọmọdé! Èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.
Wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí i,
pẹ́pẹ́yẹ tó ń rẹ́rìn-ín.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á.

Ìyá Sẹ̀màkó, tó ń tún aṣọ rán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ló pè mí.
Kò bi mí ní nọ́ńbà.
Ó mú okùn ìwọ̀n, ó ní kí n mí sínú, kí n mí síta,
kí n nawọ́ sókè bí ẹni fẹ́ já àgbọn.
Ó ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Ta ló ní kí asín lọ yá ihò òkété?"
Síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gé,
òwú funfun tí ìfọ̀ ti sọ di rírọ̀.
Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìsàlẹ̀.
Kò sí wáyà, kò sí fóòmù,
kò sí ìkọ́ tí à ń wá lẹ́yìn
bí ẹni tí èèrà bù jẹ.
Iye tó pè ni mo san.

Nílé, mo dúró níwájú dígí,
mo rántí ìyá mi. Kò wọ kọ́mú rí,
ìró lásán ló ń ró mọ́ àyà.
"Àlàbá," a máa wí,
"pẹlẹbẹ yìí náà lẹ mu dàgbà, ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
kò sẹ́ni tó febi sùn."

Lánàá a tún kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù.
Ìgbì lù mí. Mo tutù, mo gbẹ.
Mo gún ọmọ mọ́kànlélógún.
Ìgbà tí mo ń bọ́ṣọ lálẹ́ ni mo tó rántí
pé mo wọ nǹkan sábẹ́.