Erùpẹ̀ Láti Gashua

Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni kíláàsì mi ń wọlé,
lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ní Kubwa:
èmi, fóònù kan, ife tíì tó ti tutù,
àti orúkọ mọ́kànlélógójì tí n kò rójú wọn rí.
Kámẹ́rà ń jẹ dátà, dátà ń jẹ owó oúnjẹ,
kálukú bá pa ojú tirẹ̀ dé.
Etí ni mo fi mọ̀ wọ́n.
Ẹni tí ẹ̀rọ ìlọta ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, Dogara ni, ní Zuru.
Ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ìyá Nanret, ní Shendam.
Sójà kan wà tí kì í dárúkọ ibi tó wà;
bó bá dákẹ́ lójijì, gbogbo wa á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀
títí yóò fi wúkọ́.

Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo ń kọ́ wọn.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Èmi tí àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta wà láàárín èmi àti ilẹ̀,
tí oko mi kò ju ike ọ̀dà kan lọ lẹ́bàá fèrèsé,
èmi ni mò ń sọ fún ọmọ àgbẹ̀ ohun tí amọ̀ jẹ́.

"Ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín," mo wí,
"ẹ wọ́n omi sí i, ẹ pò ó,
ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó gùn bí okùn.
Bó bá gùn tí kò já, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀."
Ariwo omi. Ariwo ilẹ̀kùn. Ẹnìkan lé ajá rẹ̀ sẹ́yìn.
Dogara ní tòun gùn tó ìka méjì.
Ìyá Nanret ní tòun pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Ohùn tín-ín-rín kan wá wọlé láti Gashua,
Gẹ̀ẹ́sì tí Hausa ń tì lẹ́yìn:
"Màámi, tiwa kò gbọ́ràn. Ó ń tú.
Bí omi bá kàn án, á mu ún tán, kò ní dúpẹ́."

Falmata ni.
Láti ọjọ́ náà òun ló ń kọ́ mi:
bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń fi ahọ́n tọ́ ilẹ̀ wò
kó tó gbin jéró,
bí ibi tí iyọ̀ bá ti fín funfun lójú ilẹ̀
ṣe ń di ti ewúrẹ́.
Kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, òpó nẹ́tíwọ̀kì wọn kú.
Ó fẹsẹ̀ rìn dé etí títì, níbi tí fóònù ti ń mí díẹ̀,
ó dáhùn ìbéèrè méjì,
ẹ̀kẹta há sójú ọ̀nà.
Ẹ̀rọ kì í gbọ́ àlàyé; òdo ló kọ síwájú rẹ̀.
Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọ́fíìsì.
Wọ́n ní kó dúró di sáà tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan pè mí láti Zuba:
"Hajiya, ẹrù yín dé o."
Ọ̀rá dúdú, ó wúwo bí ọmọ tuntun.
Ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi;
erùpẹ̀ rẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta,
ọlọ́pàá fi igi tú u wò lójú ọ̀nà, ó sín.
Bébà kan wà nínú rẹ̀: "Kí màámi fọwọ́ kàn án."

Mo pò ó. Ó tú. Òótọ́ ló sọ.
Mo tilẹ̀kùn ná, bí ẹni ń jalè,
mo fi ahọ́n kàn án.
Iyọ̀.

Mẹ́jọ ààbọ̀ lù, ọwọ́ mi kò tíì gbẹ,
mo fi bẹ́ẹ̀ tẹ fóònù,
ìka mi hàn gàdàgbà lójú dígí.
Orúkọ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Ẹ káalẹ́. Falmata, ṣé o wà níbẹ̀?"
Ohun róbótó kékeré ń yí, ó ń yí.
Ìyá Nanret ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."
Ní Zuru, ẹnìkan pa ẹ̀rọ ìlọta.