Yàsílé

Marlene Flett ló gbé e wá lóru,
wákàtí mẹ́sàn-án láti àríwá, lórí yìnyín.
Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Bóyá mẹ́rin.
Títí a ó fi rí ẹni tí yóò ni ín."
Mo bu ọwọ́ lu ìwé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣì gbóná.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di alágbàtọ́ ajá ní Wínípẹ̀gì,
èmi tí ajá kì í ré ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi kọjá.

Wọ́n ní ajá tó bá máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Èyí ti sọnù tán kí n tó rí fèrè fọn.
Òtútù ti gé etí rẹ̀ òsì bí ẹni gé búrẹ́dì.
Ó gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ, ó ká jọ,
ọjọ́ méjì, kò jẹ, kò mu lójú mi.
Lọ́jọ́ kẹta mo fi omi ẹja rẹ oúnjẹ rẹ̀,
mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń ka táìlì.
Mo gbọ́ ahọ́n rẹ̀ lára abọ́.
N kò yíjú.

Mo kàn mú ìgbálẹ̀ láti gbá ìyàrá ni,
ajá nà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó tọ̀ sára.
Ẹni tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yẹn, n kò bi í.
Mo gbé ìgbálẹ̀ lọ sínú bùútù ọkọ̀,
mo wá ń fi ọwọ́ ṣa ìdọ̀tí ilé mi
bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà.

Ìyá mi pè láti Ìgbájọ:
"Kí ló ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn?"
"Ajá ni, Màámi."
"Lórí àga?"
"Lórí àga."
Ó dákẹ́. "Ta ló ni ín?"
"Kò tíì sẹ́ni tó ni ín."
"Ìwọ wá ńkọ́?"
Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ọjọ́ kẹjọ pé, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo di ẹnu mi mú.
Ohun tí a ó dá padà, a kì í sọ ọ́ lórúkọ.
Àmọ́ lóru ọjọ́ kan tí òtútù ń ya igi ẹ̀yìnkùlé pàá,
tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ṣì ń tú okùn bàtà,
ó jáde, ó fi àgbọ̀n lé orúnkún mi.
Málọmọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi létè.
Mo gbé e mì. Orúkọ àbíkú ni, okùn ni,
ta ni mo fẹ́ fi í dè mọ́lẹ̀?
Mo ní, "Yàsílé."
Ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń dán an wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di méje.
Létí Odò Pupa mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà,
mo ń fi èémí yọ́ yìnyín láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.
Obìnrin kan dúró wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Thora Sigurdson wá láti Gímìlì lọ́jọ́ Sátidé,
òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká.
Ọmọ náà kò nawọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó kọ ẹ̀yìn sí ajá, ó ń ka táìlì.
Ta ló kọ́ ọ?
Mo mọ̀ pé ó ti parí.

Mo kó abọ́ fún wọn, àti aṣọ ìnura tó fi ń sùn.
Mo ní ó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀.
Ìyá àgbà ní òun yóò ju tòun sórí adágún.
Ọmọ pe orúkọ náà, ohùn rẹ̀ kò gun ibi tó yẹ kó gùn.
Ajá dáhùn.
Kò bojú wẹ̀yìn.
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ mo gbé ìgbálẹ̀ wọlé láti inú bùútù,
yìnyín ṣì wà lára rẹ̀.
Irun funfun wà lábẹ́ àga, ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.
Ọjọ́ kẹrin rè é. N kò tíì gbálẹ̀.